Àkísà Àgbà: Olùkọ́ Tó Nírìírí àti Fẹ́lóṣíìpù Ìwádìí Òkè Òkun

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí kan ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìwádìí gbọ̀ngbọ̀n. Nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó wà ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó, àwọn olùkọ́ wà tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí ẹ̀ka-èdè, oríkì, ọdún ìbílẹ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni, tí wọ́n sì ti tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹpẹtẹ dàgbà. Síbẹ̀, bí ìròyìn fẹ́lóṣíìpù ìwádìí bá ti òkè òkun dé, àwọn wọ̀nyí gan-an ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ ara wọn sẹ́yìn. Wọn a ní nǹkan ọmọdé ni. Wọn a ní ti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni. Wọn a ní kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè rí i gbà bí kò bá mọ ènìyàn níbẹ̀. Èrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kò tọ̀nà, wọ́n sì ń pa ẹ̀kọ́ Yorùbá lára ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ.

Ó yẹ kí ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin sikọ́láṣíìpù àti fẹ́lóṣíìpù kọ́kọ́ hàn kedere. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń fún ní sikọ́láṣíìpù, kí ó lè lọ kọ́ ohun tí kò tíì mọ̀, kí ó sì gba ìwé ẹ̀rí bọ̀. Fẹ́lóṣíìpù fún oníwàádìí tó nírìírí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń wá ni ẹni tí ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, tí ó ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́wọ́, tí ó sì ní ìbéèrè kan tí kò lè dáhùn tán ní ilé nítorí pé ìwé, irinṣẹ́ tàbí alábàáṣiṣẹ́ tí ó nílò wà níbòmíràn. Kò lọ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé-ìwé. Ó lọ gẹ́gẹ́ bí àlejò tí ó gbé ẹrù tirẹ̀ dání. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí yóò kọ ìwé ìbéèrè rẹ̀ bí ẹni tí ń ṣagbe, àwọn tí yóò kà á yóò sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan ni ti àjọ Alexander von Humboldt ní ilẹ̀ Jámánì, èyí tí wọ́n tún gbé dìde ní ọdún 1953. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àjọ yìí ti ń pín àwọn olùbéèrè fẹ́lóṣíìpù ìwádìí rẹ̀ sí ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìíní wà fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé, tí oyè náà kò tíì ju ọdún mẹ́rin lọ. Ọ̀nà kejì wà fún àwọn tó nírìírí, tí oyè wọn kò tíì ju ọdún 12 lọ. Ọjọ́ tí ènìyàn gba oyè ni wọ́n fi ń ṣírò, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n bí i. Wọn kò ya iye kan sọ́tọ̀ fún orílẹ̀-èdè kankan tàbí fún ẹ̀ka ìmọ̀ kankan. Ẹni tó nírìírí lè lo oṣù mẹ́fà sí oṣù 18, ó sì lè pín in sí ìrìn-àjò mẹ́ta, kí ó máa lọ kí ó máa bọ̀.

Kí ni èyí túmọ̀ sí fún olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò gba ọ̀nà tààrà dé ìdí ìwé. Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí NCE, wọ́n kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé gíráмà, wọ́n padà lọ gba oyè kìíní, wọ́n tún lọ fún èkejì, kí wọ́n tó wá gba oyè ọ̀mọ̀wé nígbà tí ewú ti ń yọ lórí wọn. Ẹni tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ẹni ọdún 45 ṣì wà lára àwọn tí irú ìlànà yìí gbà títí di ìgbà tí yóò fi pé ẹni ọdún 57. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2012 sì ti sọ ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì di ọdún 65. Bí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ bá lọ ní ẹni ọdún 57 tí ó sì padà ní ẹni ọdún 58, ọdún méje gbáko ni yóò fi kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí ó mú bọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ọjọ́ ti lọ, kí ó kọ́kọ́ lọ wo ọjọ́ tí ó wà lórí ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà lójú kejì. Ọdún 12 kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá ń sọ lọ́dọọdún pé ó di ẹ̀ẹ̀mìíràn, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń ti ilẹ̀kùn.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé àṣà tuntun ni kí olùkọ́ tí ó ti dàgbà gba ìrànwọ́ lọ sí òkè òkun, kí ó rántí D. O. Fágúnwà. Òkè-Igbó, tí kò jìnnà sí ìlú Oǹdó, ni wọ́n bí i sí ní 1903. Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ ni ó ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Nígbà tí British Council fún un ní ìrànwọ́ láti lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1946, ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún, ìwé rẹ̀ kìíní, *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀*, sì ti jáde láti 1938. Kì í ṣe ẹni tí ń wá orúkọ ni ó lọ. Ẹni tí ó ti ní iṣẹ́ ni. Ohun tí ó rí ní àjò, ó kọ ọ́ ní Yorùbá nínú ìwé *Ìrìnàjò*, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1949. Nígbà tí ó yá, ó bá ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ Ìwọ̀-Oòrùn ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tí ń tẹ ìwé jáde ní Ìbàdàn. Àwọn ọmọ ilé-ìwé Yorùbá ni wọ́n jẹ èrè àjò yẹn jù lọ. Èyí ni òṣùwọ̀n tí ó yẹ kí wọ́n fi wọn fẹ́lóṣíìpù èyíkéyìí: ta ni yóò jẹ èrè rẹ̀ ní ilé?

Àwọn kan máa ń béèrè pé kí ni olùkọ́ Yorùbá fẹ́ lọ wá ní Jámánì tàbí ní Amẹ́ríkà nígbà tí ó jẹ́ pé ilé ni èdè náà wà. Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ yóò ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Ohùn Yorùbá wà ní ilé lóòótọ́. Àmọ́ púpọ̀ nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò sí ní ilé. Àwọn lẹ́tà àti ìròyìn tí àwọn míṣọ́nnárì ìjọ CMS kọ láti ilẹ̀ Yorùbá ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún wà ní Yunifásítì Birmingham lónìí. Lára wọn ni èyí tí ó jẹ mọ́ Oǹdó, níbi tí Charles Phillips, ẹni tí ó padà di bíṣọ́ọ̀bù, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1877. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọmọ Oǹdó ní ìwé, èdè tí wọ́n fi kọ́ wọn, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀ka-èdè Oǹdó nígbà tí Yorùbá àjùmọ̀lò wọlé, ó di dandan kí ó fojú kan irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ní Evanston ní Amẹ́ríkà, Yunifásítì Northwestern ní ibi ìkówèésí Herskovits, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1954, tí ìwé ilẹ̀ Áfíríkà kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ní Bayreuth ní Jámánì, Ulli Beier, ẹni tí àwọn ará Òṣogbo kò lè gbàgbé, dá Iwalewahaus sílẹ̀ ní 1981, orúkọ tí ó fà yọ láti inú ọ̀rọ̀ Yorùbá pé ìwà lẹwà. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà tún ní ohun tí ó ń dunni nínú. Nígbà tí Jacob Olúpọ̀nà kọ ìwé ńlá lórí oyè, ẹ̀sìn àti ọdún ìbílẹ̀ àwọn ará Oǹdó, Stockholm ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1991. Kò sí ẹ̀bi nínú èyí. Ìyìn ni fún un. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó jẹ́ ìkìlọ̀ pé ìmọ̀ nípa ìlú kan lè wà ní àgbáyé kí ó má sì sí ní kíláàsì tí ó wà nínú ìlú náà gan-an. Bí àwọn tí ń kọ́ ọmọ ní Oǹdó àti Àkúrẹ́ kò bá jáde lọ pàdé ìmọ̀ yìí, àwọn ẹlòmíràn ni yóò máa bi ìbéèrè, àwọn ẹlòmíràn náà ni yóò sì máa dáhùn, nígbà tí àwọn onílé yóò di ẹni tí wọ́n kàn ń fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Àwọn arúgbó tí wọ́n mọ oríkì àti orin ọdún kò sì ní wà títí láé.

Ní ti pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nìkan ni ó ni fẹ́lóṣíìpù, ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé àwọn ń béèrè. Àwọn onímọ̀ bayokẹ́mísìrì láti Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí FUTA, ti lọ ṣe ìwádìí ní Yunifásítì Santa Maria ní ilẹ̀ Bùràsíìlì lábẹ́ ètò tí àjọ TWAS àti àjọ ìwádìí ilẹ̀ náà jọ gbé kalẹ̀. TWAS yìí ni Abdus Salam dá sílẹ̀ ní Trieste, ilẹ̀ Ítálì, ní 1983, kí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tí ń gòkè àgbà lè máa ran ara wọn lọ́wọ́. Ohun tí ó yẹ kí àwọn olùkọ́ èdè kọ́ lára wọn ni bí ọ̀nà ṣe ń là. Ẹnìkan lọ, ó padà, ó sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, àwọn náà sì tọ ọ̀nà tí ó ti là. Ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ náà kò sí láìní olùrànwọ́. Ètò African Humanities, tí ìgbìmọ̀ àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 2008 pẹ̀lú owó àjọ Carnegie, ran ọ̀pọ̀ olùkọ́ Nàìjíríà lọ́wọ́ kí ó tó kásẹ̀ nílẹ̀. Ètò Fulbright, tí ó ti wà láti 1946, ti gba àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ àti èdè. Àjọ DAAD ti Jámánì náà ti ń fún àwọn olùkọ́ yunifásítì ní àǹfààní ìwádìí fún oṣù kan sí mẹ́ta, èyí tí kò ní kí ẹnikẹ́ni fi ilé sílẹ̀ pẹ́ títí.

Èrò kẹta, pé àfi kí ènìyàn mọ ẹnìkan, ní òtítọ́ díẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ fẹ́lóṣíìpù ni ó ń béèrè olùgbàlejò, ìyẹn onímọ̀ kan ní òkè òkun tí yóò kọ̀wé pé òun mọ iṣẹ́ náà, òun yóò sì gba ẹni náà lálejò. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń rí olùgbàlejò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe lẹ́tà kan náà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ogún ènìyàn lọ́jọ́ kan. Kíkà ni wọ́n fi ń rí i. Ẹni tí ó bá ti ka iṣẹ́ onímọ̀ kan dáadáa, tí ó rí ibi tí ẹ̀rí láti Oǹdó tàbí Àkúrẹ́ ti lè tún un ṣe tàbí kí ó tako ó, tí ó sì kọ lẹ́tà kúkúrú láti fi ibẹ̀ hàn án, ó ti ní ohun tí yóò bá a sọ. Onímọ̀ tòótọ́ kì í kọ etí dídi sí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá tilẹ̀ fèsì, ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Lẹ́yìn olùgbàlejò ni àbá ìwádìí kàn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìwé ìbéèrè ti ń kú. Olùkọ́ tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ a máa fi ojú-ewé mẹ́ta ka ìgbìmọ̀ tí ó ti jókòó sí àti ipò tí ó ti dì mú, kí ó tó rántí pé òun kò tíì sọ ohun tí òun fẹ́ ṣe. Àwọn tí ń ka ìwé náà kò mọ ipò olórí ẹ̀ka. Ohun mẹ́rin ni wọ́n fẹ́ mọ̀. Kí ni ìbéèrè náà? Kí ni àwọn ènìyàn ti sọ lórí rẹ̀, ibo ni wọ́n sì kù sí? Báwo ni ẹni yìí yóò ṣe wá ìdáhùn, ní oṣù wo? Kí nìdí tí ó fi jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni ó ti lè ṣe é? Ẹni tí ó bá dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní gbólóhùn tí ó yé ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rárá ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Kò ní láti fi èdè ńlá bo èrò mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà bí Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì ti ṣe làálàá lórí èdè-ìperí Yorùbá kí onímọ̀ lè ronú ní Yorùbá; ẹni tí ó bá ti ronú jinlẹ̀ ní èdè rẹ̀ kò ní ṣòro fún láti ṣàlàyé èrò náà ní èdè mìíràn.

Iṣẹ́ tí ènìyàn ti tẹ̀ jáde náà yóò jẹ́rìí fún un tàbí kí ó tako ó. Ó ṣe ni láàánú pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń fi ìwádìí tí ó dára há sínú ìwé àkójọpọ̀ tí kò dé ibì kankan, nítorí pé wọ́n ń wá iye tí yóò tó fún ìgbéga. Àpilẹ̀kọ kan tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ wò dáadáa nínú jọ́nà tí ayé mọ̀ sàn ju mẹ́wàá tí wọ́n sanwó kí wọ́n tó bá wọn tẹ̀. Jọ́nà *Africa* ti wà láti 1928, *Research in African Literatures* láti 1970. *Yoruba Studies Review*, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, sì ń gba iṣẹ́ tí a kọ ní èdè Yorùbá pàápàá. Kò sí ìdí kankan tí orúkọ Oǹdó kò fi ní máa hàn níbẹ̀ léraléra.

Àmọ́ ṣá o, kì í ṣe olùkọ́ nìkan ni ẹrù yìí wà lọ́rùn. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò fún ènìyàn láyè kò lè retí kí ó fò. Olùkọ́ tí ó ń kọ́ kíláàsì mẹ́fà, tí ó ń máàkì ìwé ìdánwò ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí ó tún ń lọ wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbi ìfiṣẹ́kọ́ra, kò ní rí alẹ́ kan fi jókòó ti àbá ìwádìí. Àwọn obìnrin tí ilé àti ọmọ wà lọ́rùn wọn ni èyí ń pa lára jù. Ìdí nìyí tí fẹ́lóṣíìpù tí ènìyàn lè pín sí oṣù mẹ́ta-mẹ́ta fi yẹ kí ó jẹ́ ohun tí àwọn aláṣẹ ń polongo. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ó sì ń lọ́ra láti fún ènìyàn ní àyè kúrò lẹ́nu iṣẹ́, nítorí ẹ̀rù pé ẹni tí ó bá lọ kò ní padà mọ́. Ẹ̀rù náà kò ṣàìnídìí. Gbogbo ayé mọ iye olùkọ́ tí ó ti jápa. Ṣùgbọ́n títi ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn kì í mú kí ó fẹ́ràn ilé. Ńṣe ni ó ń mú kí ó fo fèrèsé. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò dúró, tí yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà, tí wọ́n sì ń retí kí ó wá sọ ohun tí ó rí fún ẹ̀ka rẹ̀, ìdí wà tí yóò fi padà. Ẹni tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó ń lọ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Ìyípadà ti dé bá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yìí pàápàá. Adéyẹmí ní Oǹdó, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì lábẹ́ Yunifásítì Ifẹ̀ ní ti oyè kìíní, ti di yunifásítì ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀. Orúkọ ti yí padà. Ohun tí yóò fi hàn bóyá iṣẹ́ náà yí padà ni irú ìwádìí tí ó bá ń ti ibẹ̀ jáde. Òfin TETFund ti ọdún 2011 sì ya ìpín sọ́tọ̀ fún àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì àti pólì, nítorí náà kò yẹ kí kọ́lẹ́ẹ̀jì kankan máa rò pé ìkọ́ni nìkan ni ìjọba rán òun, pé ìwádìí kì í ṣe tòun.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe kò le. Kí ẹ̀ka Yorùbá kọ̀ọ̀kan yan ẹnìkan tí yóò máa ṣọ́ ìkéde fẹ́lóṣíìpù, kí ó sì máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri bí wọ́n ṣe ń lẹ tábìlì ìdánwò. Kí wọ́n máa jókòó lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti jọ ka àbá ìwádìí ara wọn, kí wọ́n sì bá ara wọn sọ òtítọ́. Kí àwọn tí wọ́n ti béèrè tí wọn kò rí i gbà má fi ìwé wọn pamọ́ bí ẹni tí ó jalè. Nínú ìwé tí kò wọlé ni ẹlòmíràn yóò ti rí ibi tí ọ̀nà ti wọ́. Kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti àjò dé kọ́ kíláàsì kan ní ohun tí ó mú bọ̀, kí ó sì fi ẹ̀dà àwọn ìwé tí ó rí sí ibi ìkówèésí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ní ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn náà. Ìwádìí tí wọ́n ń ṣe fún ìwé ẹ̀rí NCE lónìí ni ìpìlẹ̀ ohun tí wọn yóò gbé lọ sí òkè òkun ní ogún ọdún sí i. Ẹni tí ó bá jí iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ nísinsìnyí kò ní ní ìbéèrè tirẹ̀ nígbà náà. Ẹni tí ó bá lọ jókòó ti ìyá arúgbó kan ní Oǹdó, tí ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì kọ orúkọ, ọjọ́ àti ibẹ̀ sílẹ̀ dáadáa, ó ti ń hun àkísà àgbà tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá béèrè ohun tí ó ní lọ́wọ́, kò ní ya aṣọ ẹlẹ́ṣọ.